Yanrìn Kì Í Ké Yéè

"Ẹ fara balẹ̀ ná, Ìyá," ni alùpùpù náà wí lábẹ́ mi. "Ọkàn yín ń lù kì kì kì. N kò lè gbéra báyìí."

Mo dá a lóhùn pé, "Ìwọ irin yìí, ta ni yóò jókòó sókè báyìí tí ọkàn rẹ̀ kò ní lù? Adìẹ bà lókùn ni mo wà yìí. Ara kò rọ̀ mí, ara kò sì rọ ìwọ náà."

Àwọn ará ìlú tí wọ́n tò sẹ́yìn okùn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa èmi náà. Òótọ́ kúkú ni. Àga Àwòdì, bí wọ́n ṣe ń pe alùpùpù náà, ga débi pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì rọ̀ dirodiro bí ti ọmọ tí wọ́n gbé ka orí odó. Ìdí tí Ọlọ́run sì fi jíǹkí mi, ìdajì rẹ̀ péré ni àga náà gbà, ìdajì yòókù wà nínú afẹ́fẹ́, ó ń gba atẹ́gùn. Bí mo ṣe rẹ́rìn-ín tán ni ọkàn mi rọlẹ̀, irin náà sì ní, "Ó ti dáa báyìí. Ẹ pàṣẹ."

"Gbéra."

Ó gbéra. Kò hó, kò rú èéfín, kò gbọ̀n mí jìgìjìgì bí àwọn tí a fi bẹntiróòlù gùn nígbà èwe mi. Àfi bíi pé ẹnì kan fa ilẹ̀ yọ lábẹ́ wa. Àpò yanrìn méjì ni wọ́n dì mọ́ àga ẹ̀yìn, ìwọ̀n àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n sì ti lé gbogbo ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà, àti ewúrẹ́ pàápàá. Mo ní "Yára," ó yára. Ní kọ́nà Olókùúta, n kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe tí òun ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó sì ti nà ró padà. Mo ní "Pẹ̀lẹ́," ó rọra bí ẹni tó ru ẹyin. Mo ní "Dúró," ó dúró, kò fi mí sọ̀kò. Nígbà tí mo fi padà dé orí òkè, ẹnu mi kò lè pa dé mọ́.

Dìran, ọmọkùnrin tí ilé iṣẹ́ Àwòdì rán wá, ti ń sáré bọ̀ wá bá mi. Bàtà rẹ̀ funfun báláú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé pupa ni erùpẹ̀ Òkè-Ọ̀sán.

"Ìyá, báwo ló ṣe rí?"

"Ọmọ mi, bí mo bá ní irú èyí nígbà tí mo wà ní omidan, kò sí ọkọ tí ìbá rí mi mú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Fágbèmí, aṣojú Ìgbìmọ̀ Ìrìnnà, tó di awo ìtẹ̀ka mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́? Kí ìyá kúkú tẹ̀ka."

"Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá yá," ni Fágbèmí wí. Kì í rẹ́rìn-ín. Bóyá ni Ìgbìmọ̀ Ìrìnnà ń gba ẹlẹ́rìn-ín síṣẹ́.

Àtàǹpàkò mi nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Bátìrì kan, ìlú kan: bí òfin ṣe wí nìyẹn. Òpó iná tí wọ́n fẹ́ rì sílùú wa, oríṣi bátìrì kan péré ni ẹnu rẹ̀ gbà, ìlú tó bá sì kó oríṣi méjì wọlé, òkùnkùn ni wọn yóò fi jẹ ẹ́ níyà. Èyí tí mo bá mú lónìí ni a ó máa gùn títí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀n yóò fi gbéyàwó. Ìlú fi mí ṣe agùn-dánwò nítorí pé kò sẹ́ni tó pẹ́ lórí ọ̀kadà tó mi nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú ni mò ń rò bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ni mò ń rò, ọmọ ọmọ mi. Òun ló ń gbé àwọn aláìsàn wa lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lórí òkè kejì. Láti ọdún tí ilẹ̀ ti ya, mọ́tò kò gbọdọ̀ gun òkè tiwa mọ́, àfi alùpùpù. Èyí tí Rẹ̀mílẹ́kún ń gùn ti gbó kọjá àtúnṣe. Ó kú mọ́ ọn lábẹ́ lánàá, ní iwájú ilé ìwòsàn gan-an, òun náà sì sùn síbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àtàǹpàkò mi bá mú ni yóò máa gbé òun àti ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́ gba kọ́nà Olókùúta, ní òjò, ní ọyẹ́, lójoojúmọ́. Tí mo bá ṣì í mú, ọmọ mi ni mo ṣì mú.

Fágbèmí tú awo rẹ̀ wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ti Àwòdì àti ti Kétékété, ẹ̀rọ kejì tí mo gùn, sókè.

"Eré. Àwòdì, ọgọ́fà kìlómítà ní wákàtí. Kétékété, márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta."

"Àwòdì!" ni gbogbo ìlú hó.

"Ìwọ̀n. Àwòdì kò wúwo tó ìdajì Kétékété."

"Àwòdì!"

"Ṣáájì. Àwòdì a kún kí ènìyàn tó jẹun tán. Kétékété a gbà á láti òwúrọ̀ dọ́sàn-án, ṣùgbọ́n a lè fọwọ́ yọ bátìrì rẹ̀ kí a fi òmíràn sí i. Bó bá sì kún, Kétékété ló ń rìn jìnnà jù."

Kò sẹ́ni tó hó. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Jìnnà dé ibo? Ta ló fẹ́ fi kétékété lọ sí Mẹ́kà?" Ẹ̀rín tún sọ.

"Ìdarí," ni Fágbèmí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ohùn ni Àwòdì ń gbọ́, ohùn ẹni tó gùn ún nìkan, kò gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń darí Kétékété."

"Ọwọ́!" ni Dìran wí, ó sì na tirẹ̀ méjèèjì sókè. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, kí ló pa àwọn ènìyàn wa sójú títì láyé àtijọ́ bí kò ṣe ọwọ́? Ọwọ́ a máa gbọ̀n. Ọwọ́ a máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu..."

"Ẹnu náà a máa yọ̀," ni mo wí, gbogbo wọn sì tún rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ láti fi dápàárá ni. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, n kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ti Kétékété, òun ni mo kọ́kọ́ gùn láàárọ̀. Ó wúwo bí ìyàwó ilé tí wọ́n ní kó kẹ́rù jáde. Bí kọ́nà bá dé, ìwọ ni yóò bá a jìjàkadì. Bí o bá fẹ́ eré, o ó lọ́ ọwọ́ rẹ̀, bí o bá fẹ́ ìdúró, o ó fún búréèkì bí ẹni fún ẹ̀kọ. Apá mi ń ro mí bí ẹni tó gúnyán fún gbogbo ẹbí ọkọ. Lóòótọ́, àga rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, gbogbo ìdí mi gbà lé e láìṣẹ́kù, ó sì gbé yanrìn gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láì mí gúlegúle. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìdí yan alùpùpù? Mo nawọ́ gba awo ìtẹ̀ka. Àwòdì ni mo fẹ́ tẹ̀.

Ìgbà náà ni a gbọ́ igbe láti ọ̀nà oko.

Àwọn ọkùnrin méjì ló gbé e bọ̀, ọrùn wọn ni wọ́n gbé apá rẹ̀ kọ́. Akínfẹ́nwá ni. Bàbá yìí ti wá tọrọ mi kí ọkọ mi tó gbé mi níyàwó, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé títí di òní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti wú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, ó ń dán bí ìgò epo.

"Paramọ́lẹ̀!" ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wí. "Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń kó iṣu. Rẹ̀mílẹ́kún dà?"

Rẹ̀mílẹ́kún wà lórí òkè kejì pẹ̀lú òkú alùpùpù. Ibẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ oró ejò wà. Gbogbo ojú yí sí ẹ̀rọ méjì tó dúró níwájú wa.

"Kò ṣeé ṣe," ni Fágbèmí wí. "Ẹ̀rọ ìdánwò kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Òfin ni."

"Ọ̀gbẹ́ni," mo ní, "tí ó bá kú, ṣé ìwọ ni yóò bá wa gbé òfin náà lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀?"

Ó wo Akínfẹ́nwá. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè bí ẹni tó ń wá òjò. "Èmi kò rí yín," ni ó wí.

Ó kù kí n yàn. Kétékété wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, Àwòdì wà lọ́wọ́ òsì. Ọgọ́fà àti márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta: ta ló tún ń ro ìyẹn nígbà tí oró ń gùnkè? Mo ní kí wọ́n gbé e sórí Àwòdì. Dìran fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé e, kò wo bàtà rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ kan tú ọ̀já rẹ̀, ó jù ú sí mi, wọ́n sì fi dè é mọ́ mi lẹ́yìn, èmi arúgbó tí mo pọn arúgbó. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí n ó fi tọ̀ sára.

"Gbéra. Yára."

Igi ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kọ́nà Olókùúta dé, Àwòdì tẹ̀, ó nà ró, mo sì ń wí lọ́kàn mi pé a ti dé ná. Ẹsẹ̀ Akínfẹ́nwá kan irin.

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!"

"Pẹ̀lẹ́," ni mo wí.

Eré náà kú lábẹ́ wa bí ẹni da omi síná. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ ní etí mi. A ń rìn bí ẹni tó ń tẹ̀lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́sẹ̀.

"Kí ló dé?" mo pariwo. "Yára!"

"Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra ni ẹ sọ, Ìyá," ni irin náà wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó mọ́ bí ti oníròyìn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà wò."

Ó ń yẹ ọ̀nà wò. Kò sí nǹkan kan ní ọ̀nà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún sáré. Mo ní bóyá orí rẹ̀ ló dàrú díẹ̀ ni. Akínfẹ́nwá tún kérora lẹ́yìn mi, "Yéè, Fọ́yèkẹ́, ó ń gun àyà mi."

"Pẹ̀lẹ́ o, fara dà á."

Eré tún kú.

Ọpọlọ mi kò yára tó ẹnu mi, kò sì tó o rí láyé mi. Eré kú lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pẹ̀lẹ́! Àṣẹ tí mo fi ń dẹ eré rẹ̀ láàárọ̀ ni ohun tí ẹnu mi ń sọ fún ẹni tó ń jẹ̀rora, tí ìyá mi kọ́ mi kí n tó mọ orúkọ ara mi. Wọ́n ṣe é kó má gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, wọ́n sì rò pé ó parí síbẹ̀. Wọn kò rò ó pé ẹni tó gùn ún gan-an yóò ní ẹnì kan lẹ́yìn. Yanrìn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Yanrìn kì í ké yéè.

Mo ti ẹnu gèlè mi bọ ẹnu, mo fi eyín tó ṣẹ́kù dì í mú. A sọ̀ kalẹ̀ dé àfonífojì, a gba orí afárá kọjá. Eré wà. Ṣùgbọ́n Akínfẹ́nwá gbé orí lé èjìká mi.

"O ò tilẹ̀ kí mi," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Mo ń kú lọ lẹ́yìn rẹ, o ò kí mi. O gbé mi bí ẹrù."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo tu gèlè dànù lẹ́nu, mo ní, "Rọra fara dà á, Akínfẹ́nwá." Irin náà ní, "Mo ti gbọ́, mo ń rọra." Rọra náà! Gbogbo ọ̀rọ̀ tútù tó wà ní èdè wa ni wọ́n ti kó ṣe búréèkì.

Ó yẹ ọ̀nà wò tán, ó sáré, a sì kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní awakọ̀ ń gbà. Àwọn ọkọ̀ yìí, bí wọ́n bá rí ohun tó dúró pátápátá lọ́nà, wọn a yà fún un. Bí nǹkan náà bá ń rìn, wọ́n gbà pé yóò kúrò fún wọn. Mo gbọ́ ọ̀kan lẹ́yìn wa, ó wúwo, ó ń kùn bọ̀. Ẹsẹ̀ Akínfẹ́nwá bọ́ kúrò níbi tí wọ́n gbé e lé, ó gbá irin, ó ké igbe kan tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ọkùnrin, àti pé kí n tó mọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

"Pẹ̀lẹ́!"

Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwòdì dẹ eré sílẹ̀ títí a fi ń wọ́ bí ìgbín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì, nítorí táyà méjì kì í dúró dáadáa láìsí eré. Bí mo bá ní "Dúró," ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀, a ó wó pọ̀ ni. Bí mo bá jẹ́ kó máa wọ́, akẹ́rù ń bọ̀. Ó ti ń fọn fèrè.

"Yára! Yára! Yára!"

"Ohùn yín ń gbọ̀n, Ìyá. N kò dá a mọ̀ bí tiyín. Ẹ tún un sọ."

Ohùn mi ń gbọ̀n lóòótọ́. Ẹkún ni ó wà níbẹ̀. Ooru ẹ̀rọ akẹ́rù náà kàn mí ní ọrùn, orí Akínfẹ́nwá sì ṣubú sí èjìká mi kejì bí iṣu tó já. Ó ń sùn lọ, oorun tí a kì í jí. Ìbínú bá gbé mi. Kì í ṣe sí irin, òun ni mo bínú sí, bàbá àgbà tó fẹ́ kú mọ́ mi lẹ́yìn.

"Akínfẹ́nwá!" mo kígbe. "Olórí bíi ìkòkò! Ta ló ń rí paramọ́lẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ kí i? Ojú ni o ní ni, àbí ihò méjì tí wọ́n gbẹ́ síwájú orí rẹ?"

Ohùn mi kò gbọ̀n mọ́. Ó le bí òkúta.

"Yára!"

"Mo ti gbọ́, Ìyá," ni irin wí, ó sì fò síwájú. Fèrè akẹ́rù náà kù sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èébú nìkan ni wọn kò tíì sọ di àṣẹ.

"Ṣé o gbọ́ mi, ìwọ ọ̀lẹ yìí? Ìwọ tí o wá tọrọ mi pẹ̀lú adìẹ kan ṣoṣo, adìẹ náà sì yarọ!"

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níkùn.

"Adìẹ tó yarọ, mo ní!"

"Kò yarọ," ni ohùn kan wí lábẹ́ etí mi.

"Ó yarọ! Bàbá mi fi í han gbogbo àdúgbò!"

"Ẹsẹ̀ kan ló... ló ń dùn ún ni."

"Bíi tìrẹ lónìí. Ìwọ àti adìẹ rẹ, ẹ dára pọ̀. O kò lè jó, o kò lè kọ iyán lẹ́ẹ̀kejì, o sì tún rùn."

"Fọ́yèkẹ́," ni ó wí, ìbínú sì ti wọ inú rẹ̀ díẹ̀, "ẹnu rẹ yìí ni... ni mo ṣe dúpẹ́ pé o kò fẹ́ mi."

"Dúpẹ́ dáadáa! Lajú rẹ kí o dúpẹ́!"

Báyìí ni a ṣe dé. Mo ń bú u, ó ń bú mi padà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka èkùrọ́, omi sì ń dà lójú mi wọ ẹnu mi. Mo ní "Dúró" níwájú ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì sáré jáde, wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gbé e wọlé. Rẹ̀mílẹ́kún ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àga gíga yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àpò gàrí.

Òógùn mi kò tíì gbẹ tí mo rí ohun kan tó ń yọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kétékété ni. Fágbèmí ló ń lọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni ń wakọ̀ ogun, Dìran sì di ìbàdí rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó dijú. Bàtà funfun ti pupa. Ọkùnrin géńdé méjì, tí wọ́n gbéra lẹ́yìn wa, lórí ẹ̀rọ tí kò lè sáré dé ìdajì tiwa. Fágbèmí sọ̀ kalẹ̀, ó wo Kétékété, ó wo Àwòdì. Ó kàn ń fọwọ́ nu awo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan yọjú. "Ẹ̀mí rẹ̀ wà, Ìyá. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ó bọ́. Ẹsẹ̀ náà ni a kò tíì lè sọ. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Ó pẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, kò lọ bọ̀rọ̀.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn níbi tí mo jókòó sí. Dìran gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń yí padà. "Yanrìn la fi wọ̀n ọ́n," ni ó wí bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń fi í kó ẹrù. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ fi gbé aláìsàn."

"Ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà," ni mo wí. "Ẹ fi nǹkan mìíràn sí i. Ẹ fi 'ewúrẹ́' sí i."

Ó mi orí. "Ìjọba ti fi èdìdì dì í, Ìyá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni láti Ìlọrin dé etí òkun. Ẹni tó bá tú u, ẹ̀wọ̀n ni."

"A kò ní láti yí i," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwòdì láti ìgbà tó ti gbé mi sọ̀, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára. N kò bá a wí. Ẹ̀rọ náà dára lójú, ọmọ mi sì jẹ́ ọ̀dọ́. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Àwòdì ni kí ẹ mú. Mo ti mọ àléébù rẹ̀ báyìí. N ó pa ẹnu mi mọ́."

"Ìwọ?"

"Èmi. Mo lè gbé ẹnikẹ́ni láì sọ nǹkan kan. Èmi kì í ṣe yín, ẹnu mi kò yọ̀."

"A lè dá a lẹ́kọ̀ọ́," ni Dìran wí kíá. "Ìkóra-ẹni-níjàánu ni."

Fágbèmí na awo náà sí mi. "Oòrùn ti fẹ́ kan àtàrí, Ìyá. Ẹ tẹ̀ka."

Mo dìde. Ọgbọ́n arúgbó kan bọ́ sí mi nínú: mo fẹ́ díbọ́n pé mo fẹsẹ̀ gbá òkúta ìloro. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Mo fẹ́ díbọ́n ni, àmọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi bá a pàdé ní tòótọ́, ìràwọ̀ sì yọ lójú mi lọ́sàn-án gangan.

"Yéèèè!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́!"

Ẹnu mẹ́ta ló ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Rẹ̀mílẹ́kún ti na ọwọ́ láti gbá mi mú. Dìran ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ mi. Fágbèmí pẹ̀lú, Fágbèmí tí kì í rẹ́rìn-ín, ti gbé ọwọ́ kan lé àyà, ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," mo ní. "N kò fẹ́ kí wọ́n gba ìyẹn lẹ́nu rẹ."

Mo fẹsẹ̀ kan dúró bí ẹyẹ lékeléke, mo sì tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ Kétékété. Awo náà kọ yẹ̀ẹ̀. Dìran dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó tẹríba díẹ̀ kí mi, ó lọ dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tó ń sin òkú ọ̀rẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún kò wò mí. Ẹkún wà lójú rẹ̀, n kò sì lè sọ fún un pé kò pàdánù nǹkan kan. Ó pàdánù ohun tó dára. Mo mọ̀, mo gùn ún.

Nọ́ọ̀sì tún yọjú, ó ní ọkùnrin tí Rẹ̀mílẹ́kún gbé wá lánàá, tí wọ́n la oówo ìdí fún, ti lè máa lọ sílé. Fágbèmí ní òfin ti gbà á wàyí. Ọmọ mi nu ojú, ó gun Kétékété, ó lọ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n gbé olóówo náà sẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó lé ẹ̀gún. Wọn kò tíì jáde lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi kan gegele kan.

"Yéè! Ìdí mi o!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bùrọ̀dá," mo gbọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Wọ́n kan òmíràn.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rọra fara dà á, a ó dé."

Bẹ́ẹ̀ ló ń wí i lọ, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, bí wọ́n ṣe gba orí afárá, bí wọ́n ṣe kọjú sí òkè tiwa. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Kétékété kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó ń lọ.